Ohun tí akọ̀wé kò mọ̀ pé òun kọ sílẹ̀

Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé síwájú mi ní yàrá tí wọ́n ti ń ka ìwé àtijọ́ kò jọ ìwé lójú mi. Awọ àgùntàn ni, ó gùn, wọ́n sì ká a bí ẹní. Obìnrin tó gbé e wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó tẹ́ ẹ sórí tìmùtìmù, ó wá fi òjé tí wọ́n rán sínú aṣọ lé e lórí kó má baà ká padà. Ó ti ní kí n lọ fọwọ́, kí n nù ún gbẹ, kí n fi bírò mi sílẹ̀ níta. Pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé. Mo bi í bóyá kí n wọ ìbọ̀wọ́. Ó ní rárá, pé ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́ kì í mọ̀ nígbà tí awọ bá fẹ́ ya.

Mo fọwọ́ kàn án. Ojú kan ń dán, ojú kejì ní ihò tín-tìn-tín níbi tí irun ẹran náà ti hù rí. Ọdún 1349 ni wọ́n kọ ọ́. Wákàtí kan ni mo fi wo ìlà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni mo rí kà níbẹ̀.

Oyè másítà nínú ìtàn Sànmánì Agbedeméjì ni mo wá gbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún tó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ìjọba Róòmù fọ́ ní ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù títí dé nǹkan bí ọdún 1500. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, bàbá mi dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Iṣẹ́ wo ni yóò ti ibẹ̀ jáde?" Ìyá mi ò bi mí ní ti iṣẹ́. Ohun tí wọ́n bi mí ló le jù: "Àwọn òyìnbó tó ti kú láti bí ẹgbẹ̀ta ọdún ó lé, báwo lo ṣe bá wọn tan?"

Mi ò rí èsì gidi fún wọn lọ́jọ́ náà. Mo ní sànmánì yẹn kì í ṣe ti òyìnbó nìkan, pé nígbà tí àwọn akọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ̀wé sára awọ, àwọn oníṣẹ́ ọnà Ilé-Ifẹ̀ ń da idẹ sí àwòrán orí tó ṣì ń ya gbogbo ayé lẹ́nu, wọ́n sì ń yọ́ gíláàsì ní Igbó Olókun láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, irú èyí tí wọ́n ti hú jáde nílẹ̀ títí dé Gao, létí odò Ọya. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè wọn. Ìyá mi ò bi mí bóyá Ifẹ̀ lọ́lá. Wọ́n bi mí nípa àwọn òkú tí mo fẹ́ lọ jókòó tì.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọba ló kọ́kọ́ fà mí. Mo ti kà nípa William, ẹni tó fi ogun gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, tó sì pàṣẹ ní Gloucester, nígbà Kérésìmesì ọdún 1085, pé kí wọ́n lọ ka gbogbo ilẹ̀ náà: ta ló ni oko wo, àgbẹ̀ mélòó ló wà níbẹ̀, èló ni ó ń mú wọlé. Akọ̀wé ìgbà náà kan tí inú rẹ̀ kò dùn sí i kọ ọ́ pé ìtìjú ni láti sọ, pé wọn ò fo màlúù kan, wọn ò fo ẹlẹ́dẹ̀ kan. Ìwé tó ti ibẹ̀ jáde ní 1086 ni àwọn èèyàn wá ń pè ní Domesday, ọjọ́ ìdájọ́, torí pé ohun tó bá ti wà nínú rẹ̀ kò ní kòtẹ́milọ́rùn. Ìwé náà ṣì wà ní Kew, ní London, títí dòní.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé màá máa kà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dé ààfin ní láti kọ́kọ́ gba ẹnubodè kọjá, ẹnubodè náà sì ni èdè Látìnì. Fún oṣù mẹ́ta, mò ń há a sórí láàárọ̀, mò ń há a sórí lálẹ́. Ìgbà tí mo rò pé mo ti gbọ́ ọ díẹ̀ ni mo wá rí i pé akọ̀wé ìgbà náà kì í kọ ọ̀rọ̀ tán. Awọ gbówó lórí, iṣẹ́ sì pọ̀. Tó bá kọ p, tó fa ìlà gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, per ni. Bí ìlà náà bá tẹ̀ bí ìwọ̀ láti ikùn p wá gba ẹsẹ̀ rẹ̀, ó di pro. Bí ìlà bá dúró lókè p, prae ni. Ìlà kékeré lórí fáwẹ̀lì túmọ̀ sí pé n tàbí m sá pamọ́ síbẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mi ò wá lọ́wọ́ òfo. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà ń ṣàròyé pé àmì wọ̀nyí ti kéré jù, pé ojú wọn ń fò ó. Ojú tèmi kò fò ó. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kọ̀. Olùkọ́ wa ní pírámárì máa ń sọ pé ẹni tó bá fi àmì sílẹ̀ kò kọ ọ̀rọ̀ náà láìpé, ọ̀rọ̀ mìíràn ló kọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì tí a ti ń ka irú àmì bẹ́ẹ̀, èmi ni wọ́n ń gbé ìwé wá bá pé kí n bá àwọn wo àmì orí ọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọjọ́. Akọ̀wé ìgbà náà á kọ ọ́ pé ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé àjọ̀dún Jòhánù Mímọ́, ọdún kẹtàlélógún ìjọba Edward, ẹni kẹta tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣẹ́gun. Ọdún 1349 nìyẹn. Ó máa ń sú àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n létí tèmi, ohùn Màmá Àgbà ni, ìyá tó bí bàbá mi. Wọn ò mọ ọjọ́ ìbí wọn. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ ẹ̀yìn ni àwọn lọ́dún tí eéṣú bo ìlú, pé ọjọ́ ọjà sì ni wọ́n bí àwọn.

Alábòójútó iṣẹ́ ìwádìí mi jẹ́ obìnrin tó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí. Wọ́n ní kí n máa pe òun ní orúkọ òun gan-an, bí gbogbo àwọn yòókù ṣe ń ṣe. Ẹnu mi kò gbà á. Ọdún kan gbáko ni mo fi bá wọn sọ̀rọ̀ láìpe orúkọ kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo ṣì ń jẹ lẹ́nu di bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ní, "Má fi àsìkò ṣòfò lórí ohun tí akọ̀wé fẹ́ kó o mọ̀; òun fúnra rẹ̀ á kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Wá ohun tí kò mọ̀ pé òun ń sọ."

Ìwé awọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìwé kóòtù abúlé ni. Onílẹ̀ ló ń pe kóòtù náà, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan síra, gbogbo àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ rẹ̀ á sì péjọ. Ẹran ta ló wọ oko ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀? Ta ló pọn ọtí tà tí kò tó òṣùwọ̀n? Ọmọbìnrin ta ló fẹ́ relé ọkọ, tí bàbá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ sanwó fún onílẹ̀ kó tó lọ? Bí àgbẹ̀ bá kú, onílẹ̀ á mú ẹran tó dára jù lọ nínú agbo ẹran olóògbé, lẹ́yìn náà ni ọmọ lè gba oko bàbá rẹ̀. Heriot ni wọ́n ń pe ìyẹn. Níbi tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa màlúù jáde.

Ní ọdún tí nǹkan rọgbọ, ikú ẹnì kan tàbí méjì ni akọ̀wé máa ń kọ. Nígbà ooru ọdún 1348, àjàkálẹ̀ àrùn gúnlẹ̀ sí etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ọdún méjì, ó ti pa tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn èèyàn ilẹ̀ náà, àwọn onímọ̀ mìíràn ní ó tó ìlàjì. Mo ti mọ ìṣirò yẹn kí n tó dé, mo ti kọ ọ́ sínú ìdánwò rí. Ìṣirò kì í pa èèyàn lẹ́kún. Nínú ìwé awọ náà, ọ̀nà kan náà ni ìlà kọ̀ọ̀kan gbà bẹ̀rẹ̀: lágbájá kú, heriot rẹ̀ akọ màlúù kan. Tàmẹ̀dò kú, heriot rẹ̀ abo màlúù kan. Bàbá kú. Ọmọ tó gba oko bàbá kú. Àbúrò tó gbà á lẹ́yìn ọmọ náà kú. Kò sí gbólóhùn ẹ̀dùn kan láàárín wọn.

Níbi kan, ọwọ́ yí padà. Ọwọ́ akọ̀wé àkọ́kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń fa ìrù lẹ́tà d rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni fa okùn. Lójijì, ọwọ́ mìíràn gba iṣẹ́ náà, ó tóbi, ó wúwo, ó ń fi tàdáwà ṣòfò. Ẹnikẹ́ni kò kọ ibi tí akọ̀wé àná wà. Mi ò lè sọ pé àrùn náà pa á. Iṣẹ́ wa kò gbà wá láyè láti sọ ohun tí ìwé kò sọ. Ṣùgbọ́n mo gbójú kúrò níbẹ̀, mo sì wo ojú fèrèsé fúngbà pípẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pàdé opó kan. Ìlà kan ṣoṣo ni tirẹ̀. Ó kú, kò sí heriot, torí kò ní ẹran kankan. Ohun tí akọ̀wé fẹ́ ká mọ̀ ni ìdí tí onílẹ̀ kò fi rí nǹkan gbà. Ohun tí kò mọ̀ pé òun sọ ni pé ẹnì kan ti wọ ilé obìnrin náà lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó ti yẹ ẹ̀yìnkùlé wò, ó ti yẹ ìso ẹran wò, ó sì ti jáde lọ́wọ́ òfo. Mo rí okùn tí kò so ẹran kankan. Mo rántí ìbéèrè ìyá mi, mo sì mọ̀ pé èmi àti obìnrin yìí bá ara wa tan, bí mi ò tilẹ̀ tíì lè sọ ọ̀nà tó gbà.

Ní òru, kí n tó kọ ohunkóhun lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo máa ń túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá fún ara mi, torí Gẹ̀ẹ́sì máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Látìnì wọlé láìyẹ ẹrù rẹ̀ wò. Nativus ni wọ́n ń pe àgbẹ̀ tí kò lómìnira. Gẹ̀ẹ́sì á ní villein, á sì kọjá lọ. Yorùbá kò jẹ́ kí n kọjá. Ṣé ẹrú ni kí n pè é? Wọ́n lè mú ẹrú láti Ọ̀yọ́ lọ tà ní Èkó. Àgbẹ̀ yìí, ilẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, bí ilẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, òun náà á bá a lọ. Ìwọ̀fà ńkọ́? Ìwọ̀fà ń sìn nítorí owó tí ẹnì kan yá, ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà ni ó dòmìnira. Àgbẹ̀ yìí kò jẹ gbèsè kankan. Wọ́n bí i sínú rẹ̀ ni, òun náà á sì bí ọmọ sínú rẹ̀, ohun tí nativus túmọ̀ sí gan-an sì nìyẹn, ẹni tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbé e yẹ̀wò. Níkẹyìn mo kọ ọ́ pé: kì í ṣe onílẹ̀, ilẹ̀ ló ni ín. Orí kejì àpilẹ̀kọ mi dúró lórí gbólóhùn yẹn.

Àwọn ọmọ àwọn tí àrùn kò pa ni mo tẹ̀ lé lẹ́yìn ìyẹn. Òṣìṣẹ́ ti wọ́n, wọ́n ń béèrè owó tó jọjú; ìjọba ṣòfin ní 1351 pé iye tí wọ́n ń gbà kí àrùn tó dé ni kí wọ́n máa gbà. Lẹ́yìn náà ni owó orí dé. Mi ò nílò láti túmọ̀ èyí. Ní 1377, pẹ́ńsì mẹ́rin lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tí wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ní 1381, ó ti di pẹ́ńsì méjìlá. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, àwọn àgbẹ̀ Essex àti Kent ti dé London, ọba sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ìparí rẹ̀ yá: wọ́n pa Wat Tyler, olórí wọn, ní Smithfield lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, ọba sì kó gbogbo ìlérí tó ṣe fún wọn jẹ.

Ìwé tí wọ́n dáná sun ló gbà mí lọ́kàn jù. Abúlé lẹ́yìn abúlé, ìwé kóòtù ni wọ́n ń wá, irú èyí gan-an tí mo fi ọdún kan kọ́ bí a ṣe ń kà á. Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwé tó so wọ́n mọ́lẹ̀. Ní St Albans, níbi tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ti jẹ́ onílẹ̀, olórí wọn kan ti gba ọlọ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú ní àádọ́ta ọdún ṣáájú, kó lè di dandan pé ilé ọlọ tirẹ̀ ni wọ́n á ti máa sanwó lọ ọkà. Ó fi àwọn ọlọ náà tẹ́ ilẹ̀ yàrá àlejò. Ní 1381 àwọn ọmọ wọn wọlé, wọ́n hú àwọn òkúta náà jáde, wọ́n fọ́ wọn sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì pín wọn láàárín ara wọn bí ìgbà tí àlùfáà bá ń pín búrẹ́dì mímọ́. Ẹni tó bá ti rí ọlọ tí ìyá fi jogún fún ọmọ rí yóò mọ ohun tí wọ́n ń pín.

Ní Cambridge, wọ́n kó ìwé yunifásítì jáde, wọ́n sun ún ní ọjà. Ìtàn tó dé ọwọ́ wa sọ pé arúgbó kan tó ń jẹ́ Margery Starre bu eérú náà, ó ń fẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́, ó ń ké pé, "Ẹ gbé ìmọ̀ àwọn akọ̀wé kúrò! Ẹ gbé e kúrò!"

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó dùn mí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ti sọ mí di ẹni tí ìwé tó jóná máa ń bí nínú. Mo ka obìnrin náà sí aláìmọ̀kan, mo sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Gbé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́" yẹn ló rán mi létí. Màmá Àgbà kì í fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìwé. Tí mo bá ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé lórí tábìlì, ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n fi máa ń ti ìwé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó gbé abọ́ kalẹ̀. Mo rò pé wọn ò fẹ́ kí epo ta sí i ni. Bàbá mi ló sọ ìtàn náà fún mi lórí fóònù, nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ nípa 1381 tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ nípa Àgbẹ̀kọ̀yà, bí àwọn àgbẹ̀ ṣe dìde sí owó orí ní 1968 sí 1969, tí wọ́n ní òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn máa san, tí wọ́n sì já ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Ìbàdàn láti kó àwọn èèyàn wọn jáde. Wọ́n ní ṣáájú ìgbà náà, ẹnì kan gbé ìwé kan wá bá Màmá Àgbà lórí ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Ó kà á sí wọn létí, ó ní ṣe ni òun fẹ́ yá ilẹ̀ náà fún ọdún mélòó kan. Wọ́n tẹ àtàǹpàkò wọn sí i. Títà ni ìwé náà sọ. Ìgbà tí wọ́n fi máa mọ̀, wọ́n ti ń gé kòkó.

Mo padà sọ́dọ̀ Margery Starre lóru ọjọ́ yẹn. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ní ohùn rara, nínú yàrá mi. Obìnrin náà kò kórìíra ìmọ̀. Ó mọ ọwọ́ tí ìmọ̀ náà wà, ó mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Síbẹ̀ akọ̀wé kan ló kọ igbe rẹ̀ sílẹ̀, láti fi bú u, òun náà ló sì jẹ́ kí ohùn obìnrin kan láti ọjà Cambridge dé etí mi. Mo ti wọ ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé báyìí, orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni iṣẹ́ mi wà: ohun tí àwọn ará abúlé mọ̀ nípa ìwé tí wọn ò lè kà.

Nígbà Kérésìmesì tó kọjá, mo lọ sílé. Màmá Àgbà ti sùn láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ìwé náà ṣì wà, nínú agolo bísíkíìtì, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi. Mo fọwọ́, mo nù ún gbẹ, mo ṣí i. Pépà ni, tí a bá ká a láti ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ, ó fẹ́ já. Tàdáwà ti pọ́n bí yẹ̀pẹ̀. Àtàǹpàkò náà wà nísàlẹ̀, ó yà gẹ̀rẹ̀ sí ọwọ́ òsì, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló di ọwọ́ náà mú tẹ̀ ẹ́.

Màmá Kékeré, àbúrò Màmá Àgbà, jókòó tì mí. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ka. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an?" Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó kà á fún wọn rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè, ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mò ń yí Gẹ̀ẹ́sì lọ́yà náà padà sí Yorùbá bí mo ṣe máa ń yí Látìnì padà lóru. Mo dé ibi tí wọ́n ti ka ààlà ilẹ̀ náà: láti etí odò, títí dé ìdí igi ìrókò.

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè. "Ìrókò kọ́. Arère ni. Abẹ́ rẹ̀ la ti máa ń jẹun ọ̀sán. Ta ló kọ ìrókò síbẹ̀?"

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un sọ. Mo fa bébà mìíràn yọ, mo kọ ọjọ́ sí i lókè, mo kọ orúkọ wọn, mo sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé arère ni.